Kòkó Oǹdó Nínú Ìmọ́lẹ̀ Méjì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le, ṣé ará ilé wà dáadáa ní Oǹdó? Èmi wà pa. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Jámánì kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ó móoru, ó sì ti mọ́ mi lára.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe gan-an. Ìmọ́lẹ̀ méjì la máa ń bí pọ̀ bí ìbejì. Ojú kò lè rí ọ̀kan. Òun la ń rán gba inú nǹkan kọjá. Èkejì kò fara kan nǹkan náà rárá, síbẹ̀ ara rẹ̀ la ti ń ka ohun tí ìkejì rẹ̀ bá pàdé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kòkó tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo gbé sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà. Gbogbo òróró inú rẹ̀ hàn kedere! Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ lọ sin bàbá mi."

Ó ní, "Nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn? Ọdún méjì la ó fi kún un."

Òun ló ń buwọ́ lu ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sún ìsìnkú náà síwájú mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Inú mi dùn o, ẹ má sunkún. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Akínkúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi, ní Àkúrẹ́. Ẹ kí Yọ̀mí àbúrò mi, kó bá mi da erùpẹ̀ tó yẹ àkọ́bí sórí Bàámi.

Ọmọ yín,
Fẹ̀yìntọlá