Ta Ni Kò Borí Nínú Ọkọ̀ Wa?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú àwa tí à ń da ẹrù ọkàn wa lé yín lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọlọ́pàá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kámẹ́rà rí obìnrin tí kò borí nínú ọkọ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀, ohun tí òfin ìlú wa kà léèwọ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, wọn á gba ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ yẹn ló fi ń kó èrò, òun là ń jẹ.

Ó kọjú sí ọmọ wa, Golnar: "Olóríkunkun! Yunifásítì Tehran ló kọ́ ọ báyìí? O ò ní padà síbẹ̀ mọ́!"

Golnar ò jiyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi gan-an ni obìnrin náà. Èmi àti Golnar nìkan là ń gbé haluwa, oúnjẹ dídùn tí a fi ń ṣe sàráà fún òkú, lọ síbi ibojì ìyá mi, ooru mú, mo bá sọ ìborí mi kalẹ̀ sí èjìká. Golnar gan-an borí lọ́jọ́ náà, nítorí ìyá àgbà.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú: "Màámi, ẹ dákẹ́. Tèmi ti mọ́ Bàbá lára. Tiyín ni wọn ò ní gbàgbé."

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ fún un pé, "Borí, má kó bá wa."

Olóòtú, ọkọ mi máa ń gbọ́ yín lórí rédíò nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ kà á. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n wí nígbà tó bá wọlé?