Ọ̀pá Kẹẹ̀ẹ́dógún

                                        412, Òpópónà Birch,
                                        Ashby Falls,
                                        Wisconsin.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Solveig,

Ohun tí mo rí ní pápá gọ́ọ̀fù láàárọ̀ àná nìyí: ìrì lórí koríko, àsíá ihò àkọ́kọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sápá ọ̀tún, síhà adágún omi, okùn bàtà Nels tí kò so dáadáa, ọ̀pá olórí igi ti Bàbá lẹ́yìn mọ́tò, lábẹ́ aṣọ òjò. Ohun tí n kò wò ni iye ọ̀pá tó wà nínú àpò.

Ẹ dárí jì mí pé ìròyìn ṣáájú ìkíni. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé eyín ọmọ ti yọ, àbí kò tíì jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Ara Màmá le. Ọ̀rọ̀ Nels àbúrò wa ni mo fẹ́ sọ, àti tèmi.

Ẹ mọ̀ pé àná ni wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tó máa lọ síbi ìdíje gọ́ọ̀fù ti ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún yìí, Nels ti dàgbà jù fún un. Bí kò bá wọlé, iléeṣẹ́ bébà ni lọ́jọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Èmi ni mo ń gbé àpò rẹ̀, èmi náà ni mo ń ka ọ̀pá inú rẹ̀, torí òfin ò gbà ju mẹ́rìnlá lọ.

Bọ́ọ̀lù Nels kì í tẹ̀ sí òsì láé. Ọ̀tún ló máa ń lọ, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àná, inú omi nìyẹn. Mo wá rántí pé ojú ọ̀pá Bàbá dà sí òsì díẹ̀. Mo tì í bọnú àpò. Mo ní kí n yọ ọ̀pá onírin tuntun ti Nels kúrò, ni wọ́n pe orúkọ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí bọ́ọ̀lù yẹn! Ó gba orí omi jáde bíi pé ó ti sọnù, ó wá rọra tẹ̀ sí òsì, ó yí àwọn igi páìnì po, ó balẹ̀ sáàárín ọ̀nà gan-an. Duane Kubiak tí wọ́n jọ ń gbá a pariwo: "Ọmọ Tollefson, ṣé o so okùn mọ́ ọn ni?" Nels yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí Akọ̀wé, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ o!"

Lẹ́yìn ihò kejì, mo ń nu àwọn ọ̀pá, mo sì kà wọ́n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Mo sọ fún un. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ tún wọn kà." Mo tún wọn kà. Ó bá nawọ́ sókè, ó lọ bá adájọ́, ó ní, "Ọ̀pá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú àpò mi." Kò dárúkọ mi.

Gbígbá mẹ́rin ni wọ́n fi kún tirẹ̀, méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí gbígbá rẹ̀ bá kéré ni wọ́n ń mú. Nígbà tá a parí, méjì péré ni Nels fi ju ẹni karùn-ún lọ. Ẹ ṣírò ó fúnra yín. Èmi ti ṣe é tó ogún ìgbà.

Bàbá ò bá mi wí. Ó kàn ní kí n dá ọ̀pá òun padà sórí ìṣó. Ì bá sàn kó nà mí. Nínú mọ́tò, bá a ṣe kọjá afárá, Nels ní, "Àmọ́ ẹ rí i, àbí, Àǹtí? Ó tẹ̀ sí òsì."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbé ọmọ mọ́ra. Ẹ má tíì pe Nels lórí fóònù. Láti yàrá mi ni mo ti gbọ́ tó ń wọ bàtà iṣẹ́ Bàbá wò, tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀. Ó gbà á lẹ́sẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo ti lọ dùbúlẹ̀, oòrùn ṣì ń tàn.

Èmi àbúrò yín tí kò ka ọ̀pá,
Karin.