Ọyẹ́ Níta, Odò ní Pálọ̀

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ungwan Boro,
Kàdúná.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ọdún 2019.

Àdíját, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú ọdún tuntun. Ṣé ara le? Bàbá Ameen ńkọ́? Ameen fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá àwọn ará Ìlọrin, àbí Hausa ló ṣì fi ń dá gbogbo wọn lóhùn? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Látìgbà tí o ti kó kúrò ní Ungwan Shanu, mi ò tíì rí ẹni tí a jọ lè rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dun ni.

Dáadáa ni gbogbo wa wà báyìí. Ọ̀rọ̀ “báyìí” yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ, nítorí lọ́sẹ̀ tó kọjá, dáadáa kọ́ la wà.

O mọ ọyẹ́ Kàdúná. Tọdún yìí tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètè là, gìgísẹ̀ là, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wa pàápàá sán. Tolúwaṣẹ ọmọ mi ló wá fara gbá a jù, torí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá. Níbi ìsìn ọdún tuntun, ó sín, ẹ̀jẹ̀ sì ta sẹ́yìn aṣọ funfun ìyàwó pásítọ̀ tó jókòó níwájú wa. Àdíját, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ nù, imú ọmọ ni àbí ẹ̀yìn ìyá ìjọ!

Dókítà ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀, pé afẹ́fẹ́ inú ilé wa ló gbẹ jù. Ó ní kí a máa fi básílíìnì pa ihò imú rẹ̀, kí a sì gbé abọ́ omi kan sí yàrá tó ń sùn. Abọ́ kan o. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n o mọ Táyéwò ọkọ mi. Ó lọ ra aago kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lójú yẹ́lò, ilé gbẹ jù. Bó bá wà lójú gíríìnì, ó dára. Bó bá dé ojú búlúù, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù. Bàbá Tolú gbé e kọ́ sí pálọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abọ́ omi wà lábẹ́ tábìlì, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ta okùn gba àárín pálọ̀, ó sá aṣọ ìnura tútù sí i, ó sì ti gbogbo fèrèsé pa. Ká má parọ́, ẹ̀jẹ̀ imú dúró. Nígbà tí ọwọ́ aago wá kọjá gíríìnì bọ́ sí búlúù, mo pè é kó wá wò ó. Ó ní èènì ni Ọlọ́run fi kún un.

Àárín èènì yìí ni ìyá rẹ̀ dé láti Kàbbà. Màmá ní ikọ́ fée láti ọjọ́ pípẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni àwọn àti Tolú ń sùn. Ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá délẹ̀, Màmá ò gbọ́ Hausa rárá, síbẹ̀ ẹ̀rín wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn. Kò pẹ́ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ń tutù bí ẹni pé ọmọ tọ̀ sí i. Tolú búra pé òun kọ́. Mo fa bàtà ṣọ́ọ̀ṣì Màmá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti bu, ó hu irun bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, èémí Màmá há. Wọ́n di ògiri mú, àyà wọn ń súfèé, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Tolú figbe ta: “Baba, Kaka ba ta iya numfashi!” Ó ń sọ pé ìyá àgbà ò lè mí. Bàbá Tolú sáré bọ̀, ó kẹsẹ̀ bọ abọ́ omi ara rẹ̀, ó ṣubú yakata. Bó ti tutù rinrin náà ló bá mi gbé Màmá jáde sí ìta. A fín oògùn wọn sí wọn lẹ́nu, a sì gbé wọn jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí wọn padà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, “Táyéwò, inú odò ni mo bí ọ sí ni?”

Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Torí ọmọ ni.”

“Torí ọmọ ni o fẹ́ fi èmi ṣe ẹja?”

A ṣí gbogbo fèrèsé. Nígbà tí a sún kọ́bọ́ọ̀dù, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu látòkè délẹ̀. Bàbá Tolú ló fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó máa fi ibi tó kù hàn án.

Àfi bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Wọ́n ní àwọn á padà sílé, kí omi lè wà fún ọmọ. Tolú lọ jókòó lórí àpò wọn. Ó ní, “Kí imú mi ṣẹ̀jẹ̀. Ba komai, kò burú. Kaka ò lọ.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Tolú kọjú sí ògiri, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé aago lọ sí yàrá Màmá àti Tolú. Abọ́ omi kan péré ló gbé sí igun yàrá náà, kò sí aṣọ tútù kankan mọ́, a sì ń ṣí fèrèsé láràárọ̀. Ọwọ́ aago rìn títí, ó jókòó sójú gíríìnì. Látìgbà náà, imú ò ṣẹ̀jẹ̀, àyà ò súfèé.

Láàárọ̀ yìí mo wọ yàrá wọn lọ gbálẹ̀. Àpò Màmá ti ṣófo, aṣọ wọn sì wà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù Tolú nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò sọ fún mi pé àwọn ò lọ mọ́. Èmi náà ò bi wọ́n.

Bá mi kí Bàbá Ameen, kí o sì kí Sherifat àbúrò rẹ. Màmá àti Tolú kí yín. Bàbá Tolú náà kí yín, ó ní kí n bi ọ́ bóyá ilé yín gbẹ. Jọ̀ọ́, má dá a lóhùn.

Èmi ni, tìrẹ nínú ọyẹ́ àti nínú òjò,

Folúṣadé, Ìyá Tolú.