Òdo Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá 2019
Sáìtì Ṣàngótẹ̀dó. Tipa òkúta dúró lẹ́nu géètì, awakọ̀ rẹ̀ àti ti ọkọ̀ mìíràn ń jiyàn ta ló máa kọ́kọ́ wọlé. Mo ní kí tipa gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti já ẹrù. Bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ máa lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Iyanrìn tí a fi kún irà sáìtì yìí là ń ṣọ́ — ẹ̀rọ kan tí wáyà rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń rì, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dúró, a ó da kọnkéré ìpìlẹ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọgọ́fà ọmọ ló máa jókòó lórí rẹ̀.
Mùínàt ló ń bójú tó ẹ̀rọ. (Sùúrù ni mò ń pè é níbí. Kò yára rí.) Ó da fáìlì náà kọ sórí fúláàṣì fún mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn: òdo, òdo, òdo. Ilẹ̀ ti dúró. Mo wo ìwọ̀n fáìlì — ó pé ọgbọ̀n ọjọ́. Mo pe àwọn alákọnkéré: Ẹtì, aago méje àárọ̀. Mo ní kí Sùúrù nu fáìlì inú ẹ̀rọ kúrò, ẹ̀rọ náà ń lọ sí sáìtì Eleko lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 5
Sùúrù ò tíì nù ún. Ó ní òun fẹ́ wo nǹkan kan. Ó máa ń fẹ́ wo nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 6
Bàbá Okùn dá mi dúró — Ògúnbọ̀dé, fọ́máànù wa, ará Ìkirè, okùn kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó ní èèkàn tí òun kàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti wọlẹ̀ tó ìka kan. Mo ní ẹ̀rọ sọ pé òdo.
“Mádàámú, èmi ò kàwé o. Èèkàn yẹn náà ò kàwé.”
Mo ní ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo pe Sùúrù kí n bá a wí. Òun ló là mí lójú.
Ó ní láti ọjọ́ kìíní ni ẹ̀rọ ti ya gígùn ọgbọ̀n ọjọ́ sọ́tọ̀ fún fáìlì. Nítorí náà ó “pé” kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i. Ibi tí a kò kọ nǹkan sí, ètò tó ń tọ́jú fáìlì kì í fún un ní àyè. Ó kàn rántí pé àlàfo ni. Tí a bá ka ibẹ̀, òdo ló máa fún wa, torí kò ní nǹkan mìíràn láti fún wa. Ó fi ẹ̀sítéètì kan l'Ajah ṣàpẹẹrẹ: igba pílọ́ọ̀tì nínú pílánì, wọnú géètì — koríko.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà tí a lè bi ètò náà: láti ibí, níbo ni ohun tí a kọ tún ti bẹ̀rẹ̀? Níbo ni àlàfo ti bẹ̀rẹ̀?
Mo ní kó bi fúláàṣì. Fúláàṣì ní gbogbo rẹ̀ ni a kọ, kò sí àlàfo. Mo ní ṣé o rí i? Ó mi orí. Fúláàṣì yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àlàfo. Nígbà tí a ń dà á kọ, òdo gidi ló fi dí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Fáìlì inú ẹ̀rọ nìkan ló mọ òótọ́ — èyí tí mo ní kó nù.
Ó ṣòro fún mi láti bèèrè. Mo bèèrè bóyá ó ti nù ún.
“Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò tíì nù ún.”
A bi fáìlì inú ẹ̀rọ. A kọ nǹkan títí di ọ̀sán 26 Oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, àlàfo títí dé òpin.
A lọ wo wáyà. Ó já, nínú ipa táyà tipa. Lọ́nà ẹ̀yìn.

Ẹtì, 8
Aago méje, èmi fúnra mi ni mo dá ọkọ̀ kọnkéré padà. Mo pe onílé-ìwé, mo sọ ẹni tó ní kí tipa gba ẹ̀yìn. Bàbá Okùn ta okùn mọ́ èèkàn. A ti so wáyà, a tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ọjọ́ kìíní.
Sùúrù bèèrè ohun tí òun máa kọ sójú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn nínú ìròyìn. Mo ní kó má kọ òdo. Mo gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀: A kò wọ̀n ọ́n. Mo kọ orúkọ mi sí i.