Ìbọ̀wọ́ Ni Mo Fún Un, N Kò Fún Un Lórúkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀ òkèèrè. Nílé, èmi ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé wa, àfẹ́sọ́nà mi ló sì sọ mí ní Ilẹ̀kùn Irin. Nígbà tí mò ń bọ̀ níbí, mo kó ìbọ̀wọ́ mi fún ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ pé kó máa bá wa ṣọ́lé.

Ní Sátidé tó kọjá, àfẹ́sọ́nà mi gbé fóònù dání lórí pápá kí n lè máa gbọ́ bọ́ọ̀lù níbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi mú pẹnáríìtì kan, ni ọmọge bá figbe ta: "Ilẹ̀kùn Irin! Ilẹ̀kùn Irin mi!" Aṣọ bẹ́ẹ̀dì jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó wà lójú ilé ni, ọkọ mi. Àbí ìwọ ni kí n máa ké pè lókè òkun?"

Olóòtú, ọ̀rẹ́ mi kò ṣẹ̀ mí. Òun ló pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi kán. Ẹni tó bá bú u, èmi àti onítọ̀hún ni. Ṣùgbọ́n owú ń jẹ mí dé eegun. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo lè gba orúkọ mi padà láti ibí, àbí kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, kí n padà sílé?