Abọ́ Tí Mo Gbé Lọ Ilé Kóòṣì

Dewitt ọmọ mi,

Ṣé òtútù Alaska kò pọ̀ jù? Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Orúnkún mi ti ń sàn, ṣùgbọ́n ìfúnpá ọkọ mi Hollis tún ti ga. Bọ́ọ̀lù ló fà á.

Yunifásítì ti lé Kóòṣì Brannock tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Ọdún tí a na àwọn ará Selby, tí a jọ ń bá ara wa díje, ni inú wọn dùn jù, tí wọ́n fún un ní àdéhùn gígùn. Ní báyìí, nítorí àdéhùn náà, mílíọ̀nù méjìlá dọ́là ni wọ́n máa san fún un kó tó lọ. Àwọn tó pariwo pé kí wọ́n lé e ló sì ń gba ọrẹ kiri láti fi san án.

Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe mí. Mo se adìẹ àti ìrẹsì bí a ti ń ṣe fún ilé ọ̀fọ̀, mo gbé e lọ. Ẹ̀rín ni mo bá níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà, ẹ má bá wa sunkún. Ibi kẹta rèé tí wọ́n ti lé wa. Bí wọ́n ṣe ń lé wa ni ilé wa ń tóbi sí i."

Mo sọ fún Hollis. Ó ní, "Kí lo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?" Mo ní mo mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nílé òkú.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí: Hollis yóò pè ọ́ pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ bàbá rẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, kí òun fi dá ọrẹ. Má gbà fún un.

Olúwa yóò máa ṣọ́ yín. Kóòṣì tuntun ti dé, àdéhùn ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fún un. Abọ́ mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ní jáde mọ́.

Àǹtí rẹ, Ardith