Ọwọ́ Ta Ló Kọ Lẹ́tà Yìí?

Ìyá Tuktuki,

Má jáyà pé ọwọ́ mi kọ́ ló kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ Saraswati, òrìṣà ìmọ̀ ìwé, ni òní, o kúkú mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan gègé lónìí, ẹsẹ̀ òrìṣà la kó gbogbo ẹ̀ sí. Kristẹni ni Sista Biswas, nọ́ọ̀sì mi, kò kàn án. Òun ló ń bá mi kọ ọ́.

Ara mi le. Oúnjẹ ọsibítù Kolkata ń dùn. Mo ń ronú ewì tuntun kan fáwọn ọmọdé, ti ológbò tí wọ́n fi jọba lórí ẹja. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń rẹ́rìn-ín.

Sista ní, "Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, Bàbá? Èmi náà ni mo kọ ọ́. Ṣé ọjọ́ òrìṣà nìyẹn náà ni?" Mo ní kó má kọ ìyẹn síbẹ̀. Ó ti kọ ọ́. Alágídí obìnrin!

Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ìwé nìkan ló ń kọ̀wé lónìí, níwájú òrìṣà. Òní ni Tuktuki máa kọ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Èmi ni mo ṣèlérí pé màá di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì. Jọ̀ọ́, bá mi dì í mú. Bó bá fi ọwọ́ òsì mú ṣọ́ọ̀kì, má ṣe nà án.

Bá mi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Ìyá mi, kí o fi kí i.

Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, ọ̀tún kò tíì gbọ́ tèmi. Kí òrìṣà dárí jì mí. Tuktuki á kọ tiẹ̀ dáa jù ú lọ.

Nirupam